Orúkọ Yín Ni Mo Fi Dí Àyè Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ọ̀yọ́ níbí. N kò mọ irú ẹ kú tí à ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, ẹ bá mi mú èyí tó bá yẹ. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ti rí ohun tó ṣe ohùn yín tí ẹ gbà sílẹ̀, èmi gan-an ni.

Ẹ rántí sáfà, kọ̀ǹpútà tí mo háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ẹbí lè máa kó nǹkan pamọ́ sí. Mo pín àyè inú rẹ̀ fún kálukú kí ẹnìkan má baà gba gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí ẹ bá ti mọ́ṣáláṣí Sábó dé, ẹ óò gbé fìlà lé itan, ẹ óò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ óò máa sọ ìtàn agboolé wa sínú fóònù. Mo kọ́ yín pé bí ó bá ti wọlé sórí sáfà, kí ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù. Tíṣà tó na ìdajì ọmọ àdúgbò Tákíè ní pàṣán wá ń gbọ́ràn sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu!

Nígbà tí ẹ pè mí pé ó ń sọ pé àyè ti tán, mo yẹ dísìkì, ibi tí sáfà ń kó ẹrù sí, wò. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó ṣófo. Mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ni, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀, ẹ rí orúkọ ìtàn náà lórí sáfà, ẹ sì pa ti fóònù rẹ́. Ẹ kò pè mí mọ́ títí ẹ fi papò dà. Ṣé ohùn mi le jù lọ́jọ́ náà ni?

Àná ni mo ṣí àwọn ìtàn náà. Orúkọ wà níta, inú ṣófo. Dísìkì kò kún, Bàbá, ìpín yín ló kún. Fídíò ìgbéyàwó, fọ́tò gbogbo wa, ẹrù iṣẹ́ tèmi pàápàá, orúkọ yín ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí, nítorí nílé wa, ti bàbá ni ohun gbogbo. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Sáfà kò mọ ọ̀wọ̀, ẹni tí ẹrù ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ń kà á sí lọ́rùn. Ó dùn mí wọra.

Mo ti ṣí ìpín yín sílẹ̀ gbayawu báyìí. Ta ni mo ṣí i fún?

Ẹ̀gbọ́n mi ti bí obìnrin, ó sì fẹ́ kó jẹ́ orúkọ ìyá yín. Ẹ kì í pe orúkọ yẹn lójú wa, ẹ ní inú ìtàn ni ẹ óò ti sọ ọ́. Mo lọ bèèrè ní Ìrẹsà, ìlú ìyá yín, Ìyá Elépo ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀túnla la ó sọ ọmọ lórúkọ.

Bàbá mi, kí ni orúkọ rẹ̀?

Èmi ọmọ yín, tí mo fẹ́ràn yín títí dòní.