Irun Tí Àtinúkẹ́ Jẹ Mí

Àìkú, 7 Máàṣì 1954

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé kejì ni mo kà dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó ní ó tó. Ó tó náà.

Abọ́dẹrìn ọmọ mi wá lẹ́yìn ìsìn. Ó jẹ ìrẹsì mi tán, ó nu ẹnu, ó ní kí n dárí ji Àtinúkẹ́. Ó ní iyè obìnrin náà ti ra, kò mọ àná mọ́. Jímọ̀h ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sílé ní ilẹ̀ Yorùbá kó má baà sọnù sínú ọjà Kùmásì. Ọjọ́ kejìdínlógún ni lọ́rì máa gbéra.

Mo ní ire o. Mo ní kó lọ fọ abọ́ tó fi jẹun.

Ajé, 8

Mo ta abọ́ tánganran mẹ́rin. N kò ronú kàn án.

Ìṣẹ́gun, 9

Irọ́ ni ti àná.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Èmi àti Àtinúkẹ́ ń ṣe àáró irun láti ìgbà tí a ti jọ dé ìlú yìí. Àbámẹ́ta yìí, mo di tirẹ̀. Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó di tèmi. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni mò ń pè é, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í dun ni. Olórí-Òkúta ló ń pè mí — kì í ṣe torí irun nìkan.

Ọdún tí ogun Hítílà parí, mo di tirẹ̀ tán, ó ku kó di tèmi. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àṣàbí ọmọ mi kú sórí ìkúnlẹ̀. Mo tú irun mi sílẹ̀. Gbogbo Sóńgò, àdúgbò àwa àlejò, wá kí mi. Àní àwọn tí a jọ ń jà lọ́jà wá. Àtinúkẹ́ kò wá. Ẹni tó yẹ kó di irun mi lẹ́yìn ọ̀fọ̀, kò yọjú.

Láti ìgbà náà n kò jẹ́ kí ọwọ́ obìnrin kankan kan orí mi. Èmi ni mò ń dì í fúnra mi. Ìpàkọ́ rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ. Gèlè ni mo fi ń bò ó.

Ọjọ́bọ̀, 11

Abena, ọmọ Àṣàǹtí tó yá yàrá lọ́wọ́ mi, ní kí n ka mẹ́tàdínlógún fún òun ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ní èdè tiwọn, ẹ̀wá àti èje ni: *dunson*. Wọ́n ń gun àkàbà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwa ti fò dé orí òrùlé, a wá ń sọ̀ kalẹ̀. Ogún kò tíì dé, a ti yọ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, Maame, ẹ̀yin Alátà yìí (bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn), ohun tí kò sí níbẹ̀ lẹ fi ń kà.

Ó dùn mí pé òun ló kọ́kọ́ rí i.

Ẹtì, 12

Àtinúkẹ́ yà sí ìsọ̀ mi. Òun nìkan, láìwọ bàtà. Ó ní, “Olórí-Òkúta, ṣé o jí ire?” — bí ẹni pé àná la pínyà. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò pa mọ́ dè é pọ̀, iyọ̀ àti ata wà nínú rẹ̀. Ohun tó jáde ni pé mo jí ire.

Ó wá ní, “Àṣàbí ńkọ́?”

Mo ní ó wà.

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ó ní kí n bá òun kí i, ó sì lọ.

N kò ta nǹkan kan mọ́ títí ọjà fi tú. Nínú gbogbo Kùmásì, orí kan ṣoṣo ló kù tí ọmọ mi ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Orí yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé sínú lọ́rì.

Àìkú, 14

Pásítọ̀ ní ká máa dárí jini nígbà àádọ́rin lọ́nà méje. Kó tó sọ iye tó jẹ́, mo ti ṣe é lórí: ẹ̀wá dín ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Abọ́dẹrìn ṣì ń ka ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, akọ̀wé ńlá.

Mo délé, mo tún un rò. Kò pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àní ìdáríjì, ó dín mẹ́wàá. Mẹ́wàá yẹn ni mo dì mú.

Ajé, 15

Jímọ̀h wá dágbére, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bi í: kí ló dé tí ìyá rẹ kò wá kí mi nígbà náà? Ó ní, “Ìyá, n kò mọ̀. Wọn ò sọ ọ́ létí mi rí.”

Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ ti gbàgbé. Èmi tí n kò mọ̀ ọ́n, n kò lè gbàgbé. Ẹrù ẹni méjì, èmi nìkan ló wá kù lọ́rùn.

Abena ń gbọ́ wa. Ó ní, *fa kyɛ no*, ẹ dárí jì í. Mo ní ẹni tó bẹ̀bẹ̀ là ń dárí jì. Ta ló bẹ̀ mí?

Ọjọ́rú, 17

Mo tú irun mi láàárọ̀. Mo mú òòyà àti àdí. Abọ́dẹrìn pàdé mi lọ́nà láìwé gèlè, ó lanu. Mo ní kó pa á dé.

Àtinúkẹ́ jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá wọn. N kò kí i púpọ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo jókòó sáàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, mo na òòyà sẹ́yìn. Mo ní, “Ìwọ ló kàn.”

Ó gbà á. Ó la irun gbọọrọ, kò dúró rò ó. Ó ní ta ló ba ìpàkọ́ yìí jẹ́ báyìí? Mo ní aláìmọ̀ kan ni. Ó ní ojú aláìmọ̀ náà fọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò dùn mí rárá. Mo pa ojú dé. Mo ti gbàgbé pé báyìí ló ṣe ń rí.

Ó ní, “Àṣàbí ńkọ́?”

N kò lè parọ́ nígbà tí orí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní Àṣàbí ti kú.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ló wó lé mi lẹ́yìn, ó ké. Ó ń ki ọmọ mi, oríkì tí èmi gan-an kò pè mọ́. Ó ní, “Olórí-Òkúta, nígbà wo? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò pè mí?” Omijé rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbà á bí wọ́n ṣe ń gba ìkíni ọ̀fọ̀. Mo ní ó ṣeun. Mo ní Ọlọ́run kò ní fi irú ẹ̀ san án fún un.

Nígbà tó dákẹ́, ó wo òòyà bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ta ló ni orí yìí. Ìlà mẹ́ta ló kù. Ìyàwó Jímọ̀h ní òun á parí rẹ̀. Mo ní rárá. Mo wé gèlè lé e.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí.

“Àṣàbí ńkọ́?”

Mo ní ó wà.

Ọjọ́bọ̀, 18

Lọ́rì ti lọ. Abena ní òun á di ìyókù. Abọ́dẹrìn ní kí n jẹ́ kó dì í, pé kò yẹ kí àgbàlagbà máa gbé irun báyìí kiri. N kò gba ìmọ̀ràn.

Àtinúkẹ́, mo ti gba ẹkún rẹ. Ìlà mẹ́ta lo ṣì jẹ mí. Wá san án.