Àpótí Dúdú ní Géètì Dopemu

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

A ti kọ orin Kérésì náà, orin òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Bàrókù, tí ẹ ń múra rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó pa yín. Èmi ni mo fọn fèrè idẹ yín. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ki táwẹ̀lì bọ ẹnu rẹ̀ nílé kí onílé má baà bínú? Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Mi ò sì jẹ́ kí wọ́n tún ibi tó tẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lù yín ṣe. Mo fẹ́ kó dún bí ohun tí wọ́n lù.

Gbóyèga wà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ la irin mọ́ yín lórí nígbà tí ẹ ń bọ̀ láti ìdánrawò ní Ìkẹjà. Àwọn ṣójà ti lọ, alágbádá ti dé, síbẹ̀ adigunjalè ò jẹ́ ká sùn. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ géètì rẹ̀. Gbóyèga àti àwọn tó ń ṣọ́ tiwa rí àpótí dúdú tí fèrè yín wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ yín, wọ́n ní ìbọn ni. Wọ́n bi yín léèrè. Ẹ̀yin sì ń ka dò-mí-sò lábẹ́ ètè, bí ìṣe yín, ẹ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n ní ọfọ̀ lẹ ń pè. Nígbà tí mo dé, eyín yín wà nínú gọ́tà, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára irin Gbóyèga. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n tú u sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò dákẹ́ orin yẹn, Bàbá?

Nígbà tí a kọrin tán, Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé fèrè sókè kí n fi fọ́ ọ lórí. Lẹ́yìn náà ni mo dá fèrè náà padà sínú àpótí, mo gbé e fún un. Mo ní kó gbé e tẹ̀lé mi gba ibi tí ẹ gbà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn ọmọkùnrin tuntun ló wà ní géètì, wọn ò mọ̀ ọ́n.

“Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ gbé yẹn?”

Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde.

“Ọfọ̀ ló ń pè! Ẹ má jẹ́ kó pè é tán o!”

Ó wò mí. Mo dákẹ́, Bàbá. Mo dákẹ́ títí pákó fi là á lórí. Ó wó lulẹ̀, àmọ́ kò ju fèrè yín sílẹ̀. Ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ìgbà náà ni mo kígbe, tí mo ṣí àpótí hàn wọ́n.

Ó gbé e délé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ tiyín lára àpótí náà. Mi ò tíì nù ún. Ṣé kí n nù ún?

Èmi ni,
ọmọ yín tó jogún ètè yín.