Bàbá, Ẹ Lọ Bá Ẹgbẹ́ Yín ní Savalou

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Tọ́máàsì àti ìyàwó rẹ̀ ní Savalou, mo sì kí gbogbo ará Bantè tó ń yà kí yín látìgbà tí Màmá ti fi wá sílẹ̀. Òtútù ibí yìí kì í ṣe ti ọyẹ́ o, ó ń wọ egungun ni. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

N kò tíì ṣàlàyé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Faransé níbí fún yín dáadáa, torí ojú ń tì mí. Ilé kan ni, tí ìjọba ìlú kọ́ fún àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì láti máa péjọ. Èmi ni mò ń se kọfí wọn, tí mò ń to káàdì tí wọ́n ń ta sórí tábìlì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹ ṣe kọ́ mi. Háà! Wọ́n rò pé òòyì ló gbé mi ṣubú. Bàbá kan fà mí lápá, òmíràn ń wá omi kiri. Látọjọ́ náà, ọwọ́ ni mò ń bọ̀ wọ́n.

Ìyá kan wà láàárín wọn tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń fi mọ́tò gbé wá láràárọ̀. Mo bi í pé kí ló ń wá wá, nígbà tó bímọ tó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Ó ní, “Ọmọ mi ń tọ́jú mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí nígbà tí mo wà léwe.”

Ẹ rántí pé ẹ sọ fún mi lórí tẹlifóònù pé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń péjọ ní Savalou ní Ọjọ́bọ̀, pé wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń jẹun pọ̀, nọ́ọ̀sì sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Inú yín ń dùn. Èmi ni mo gbaná jẹ: “Ṣé ẹ ò bímọ ni, tí ẹ ó fi lọ máa jẹun lọ́dọ̀ ẹgbẹ́?” Ẹnu ará Bantè ni mò ń bẹ̀rù, n kò ro tiyín. Tọ́máàsì wá sọ fún mi pé iwájú ilé nìkan lẹ ń jókòó sí báyìí. Bó bá gbé alùpùpù wá, ẹ ó ní rárá, èmi ọmọ yín ń bọ̀ nígbà iṣu titun, èmi ni yóò mú yín jáde.

Ẹ dárí jì mí. Mò ń bá bàbá àwọn ẹlòmíì rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́, mo wá ti bàbá tèmi mọ́lé. Mo ní kí oníwèé ìròyìn gbé lẹ́tà yìí jáde, torí èmi nìkan kọ́ ni ọmọ tó ń ṣe irú èyí. Àwọn tí ẹ jọ kọ́ni ní Djaloukou nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́ ń bẹ ní Savalou. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn tó kù, ẹ lọ bá wọn.

Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì kí gbogbo ilé. Kí Olúwa fún yín ní àlàáfíà, kí ẹ pẹ́ fún wa.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni mo fi sẹ́yìn. N kò ní lè wá nígbà iṣu titun. Ọdún tó ń bọ̀ pàápàá, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí Tọ́máàsì bá dé ní Ọjọ́bọ̀, ẹ bá a lọ. Ẹ má dúró dè mí mọ́, Bàbá.

Ọmọ yín,
Àgàtà