Àwòrán Méjì Tó Lẹ̀ Mọ́ra

                                        Ojúlé Kọkànlá, Òpópónà Alápó,
                                        Ìba, Ọ̀jọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Keje, 2024.

Ọdúnayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara bàbá àwọn ọmọ ti le dáadáa lẹ́yìn ibà ọjọ́sí? Jésùdámiláre ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ní ilé-ìwé láìsunkún? Ìwọ alára, mo mọ̀ pé wàá ní o wà dáadáa, kódà bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́. Àwa náà ń dúpẹ́. Òjò Ìba ò jẹ́ ká ríbi sá aṣọ, ṣùgbọ́n a wà láàyè.

Mo ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, torí bí mo bá pè ọ́, ẹkún ni mo máa sun. Ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ fọ́tò tí o kọ́ mi, ó sì kan Zulaikha, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń ta ṣájà fóònù ní Ọjà Àlàbá, tá a jọ ń gbé inú ọgbà kan. O rántí ìbejì rẹ̀, Hassan àti Hussein, tí àwa ará ilé pàápàá máa ń ṣì mú fún ara wọn. Ọdún tó kọjá ni Hassan kú, ọmọ ọdún márùn-ún.

Lóṣù tó kọjá, ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn pé kò dáa kí àwòrán Hussein nìkan wà lára ògiri. Wọ́n ní kí Zulaikha ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún ìbejì: kí wọ́n ya èyí tó wà láyé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, kí ìkejì dúró fún Hassan. Zulaikha ní èmi lòun fẹ́ kí n ṣe é. Orí mi wú. Mo ya ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ.

Ìgbà tó kan títẹ̀ ni púríńtà mi gbé ìṣe rẹ̀ dé. Pépà dídán tí mo ní, láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ja ọ̀rá rẹ̀, ọ̀rinrin yàrá sì ti wọ̀ ọ́. Lórí èyí àkọ́kọ́, ńṣe ni íńkì dúró ní ẹ̀kán-ẹ̀kán bí omi lórí ewé kókò. Àṣé ẹ̀yìn pépà ni mo yí sókè. O ti kọ́ mi pé kí n fi ìka tútù kan igun rẹ̀, pé ojú tó bá lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni wọ́n ń tẹ̀, ìwà ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Èkejì fa ìlà gba iwájú orí ọmọ, mo fọ ẹnu tí íńkì ń gbà jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé pépà lásán ni mo sọ fún púríńtà pé mo fẹ́ lò. Mo yí i sí pépà dídán, àwòrán méjì sì jáde, wọ́n rẹwà.

Ṣùgbọ́n wọn ò gbẹ. Íńkì inú ike ńlá tí mo rà ní Àlàbá ni mo lò, èyí tí ẹni tó tà á ní ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Wákàtí kan kọjá, ìka mi ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Zulaikha ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti nawọ́. Ọdúnayọ̀, mo mọ̀ pé kò tíì gbẹ, mo sì gbé e fún un. Mi ò fẹ́ kó sọ pé mi ò mọ iṣẹ́.

Torí pé a kì í ya ìbejì sọ́tọ̀, ńṣe ni Zulaikha kọjú wọn síra, bí àwọn ọmọ náà ṣe máa ń sùn. Ó fi aṣọ funfun kan ṣoṣo wé wọn, ó kì wọ́n bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ dé, ó tú u níwájú wọn. Ó ti lẹ̀ pọ̀. Bó ṣe fà á, gbogbo ojú Hussein bá ti Hassan lọ. Ìyá àgbà figbe ta pé Hassan ti wá mú ìkejì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni Zulaikha ò ti lọ sí ọjà mọ́. Ó yọ Hussein kúrò nílé-ìwé, kò jẹ́ kó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń gbé pọ̀n káàkiri ọgbà. Ọmọ náà wá bi mí bóyá òun máa kú lọ́jọ́ Jímọ̀ bíi ti Hassan. Síbẹ̀ mo dákẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún ọjọ́.

Mo tẹ àwòrán ara mi ní méjì, íńkì kan náà, pépà kan náà. Mo kọjú wọn síra, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé mo gbé e tọ Zulaikha lọ, mo ní kó fà á ya fúnra rẹ̀. Ojú mi ṣí kúrò, imú mi lọ pátápátá. Mo ní, "Zulaikha, wò mí, ṣé mo ti kú ni?"

Ó wò ó pẹ́, ó fi ìka pa á wò. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí Maimu, so ẹ mọ̀ pé íńkì yẹn ò tíì dry kẹ́ ẹ tó gbé e fún mi?"

Mo ní mo mọ̀. Kò bú mi. Ó fa Hussein lọ́wọ́, wọ́n wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ wọ yunifọ́ọ̀mù, ó gba ilé-ìwé lọ. Inú mi dùn débi pé mo dá jókòó, mo sunkún. Ṣùgbọ́n Zulaikha ń kúnlẹ̀ kí gbogbo èèyàn inú ọgbà láàárọ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láàárín wa, ó sì ń dùn mí gan-an.

Jọ̀ọ́, sọ irú íńkì tó bá pépà dídán mu fún mi, àti bí mo ṣe lè gba pépà lọ́wọ́ ọ̀rinrin. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti Felicia àbúrò rẹ.

O mọ̀ pé Zulaikha máa ń gbọ́ tìrẹ. Bá mi pè é, bá mi bẹ̀ ẹ́. Má sọ fún un pé íńkì ló fà á. Sọ pé èmi ni.

Tìrẹ ni mí, tìtìjú-tìtìjú,
Maimunat