Ìdí tí A Kò Fi Wẹ Ìyá Kékeré

Ìdí Ọ̀pẹ,
Ìṣẹ́-Èkìtì.
Oṣù Kẹta, 2024.

Tèmilọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jọ wà ní Àbújá. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé o ń jẹun bó ṣe yẹ, àti pé òtútù ẹ̀rọ amúlétutù tí ò ń ráhùn lé lórí kò tíì kó ikọ́ bá ọ. Ara tèmi le. Ara ìyá rẹ náà le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun rẹ̀ kò já geere mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rẹ́ rẹ Tósìn ti fún ọ ní lẹ́tà yìí, wọlé, kí o jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ìyá Kékeré ti kú. Àǹtí Florence, àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà, ẹni tó pọ̀n ọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ títí o fi lè rìn lọ sílé ìwé fúnra rẹ, kò sí mọ́. Ibà Lassa ló pa á. Mo mọ̀ pé ohun tó pa á ni ìwọ máa kọ́kọ́ béèrè, ìdí nìyẹn tí n kò fi fi í pamọ́ di ìsàlẹ̀ lẹ́tà. A ti sin ín. Lọ́jọ́ tí o pè mí lórí fóònù tí o ní kí n gbé e fún un, tí mo sì dá ọ lóhùn pé ó ń sùn, a ti sin ín nígbà náà. O ní ọjọ́ kejì lo máa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Mo ń kọ̀wé yìí kí o lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọwọ́ mi kí o tó wá sílé. Bí o bá bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́, tí o wọ mọ́tò Ìṣẹ́, ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá ọ mọ̀ nínú mọ́tò á ní tirẹ̀ láti sọ, kò sì ní dùn ún gbọ́. Tíṣà ni mí. N kì í fẹ́ kí ẹni tí kò sí ní kíláàsì máa ròyìn ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀.

O rántí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yín wá sí ọjà Ìṣẹ́ ṣáájú Kérésì láti kìlọ̀ nípa ibà Lassa. Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ fún Ìlera Gbogbo Ayé lẹ pe ara yín, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání tó ń han bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ọ̀kan nínú yín so ìrù mọ́dìí, ó ń ṣe eku, ó ń tọ̀ sínú gàrí, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn èyí lẹ pín bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí fún àwọn obìnrin tó ń yan gàrí tà. Ẹ ní kí wọ́n má fi gàrí sílẹ̀ láìdé mọ́, kí wọ́n má sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó máa tutù di ọjọ́ kejì. Ìyá Kékeré gba tirẹ̀, ó gbé e lérí, ó jó yí ọjà ká, ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi Àjàyí ti dìde, bàbá rẹ àgbà, olórí ẹbí wa. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó bi ọ́ pé bí àrùn náà bá wá pa èèyàn ńkọ́, ta ni yóò wẹ òkú rẹ̀. O dá a lóhùn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. O ní, “Ẹ má wẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ má fọwọ́ kàn án, kódà kó jẹ́ ìyá yín. Ẹ pe àwọn onílera.” Ẹ̀rín parí. Àwọn kan pòṣé. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó kẹ̀yìn sí yín títí tí ẹ fi lọ. Bí a ṣe ń padà bọ̀ nílé, Ìyá Kékeré ń tọ́jú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lábẹ́ apá, ó ní, “Kó sọ tẹnu rẹ̀. Ní tèmi, Tèmilọlá ló máa wẹ̀ mí.” Ohun tó ti ń sọ láti kékeré rẹ ni. Ìwọ náà mọ̀ pé kò bímọ, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò wẹ òun, tí yóò di aṣọ fún òun, kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń parí lọ ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ní èéfín gàrí ni. A ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, ó lò ó tán, kò lọ. Ọ̀fun wá ń dùn ún débi pé ẹ̀kọ mímu gan-an dìjà. Ìyá rẹ ló ń fún un lóúnjẹ, ìbọ̀wọ́ tí o kó sílẹ̀ nínú àpótí rẹ ló sì ń wọ̀. Èmi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo ní ṣé dókítà la fẹ́ níyàwó ni. Lọ́jọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ ní ìdí eyín àbúrò mi, n kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Àwòrán aláìsàn tí ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, èyí tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà, ló wá sí mi lọ́kàn. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Pius, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń gbé nítòsí wa. Ó dé lójú ẹsẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ máa wá gbé e lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn náà ní Ọ̀wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn mọ́ láìwọ ìbọ̀wọ́.

Ọkọ̀ ń bọ̀, ó kú. Òwúrọ̀ ni. Oòrùn ti yọ, a sì ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí bóyá o ti bá àwọn òyìnbó yẹn sọ̀rọ̀ tán. Mo ní ó ku díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o rọra máa sọ̀rọ̀, o máa ń yára jù. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Kí n tó lè nu ojú mi, ilé ti kún. Ìyá Ṣèyí, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Àjàyí, ló ṣíwájú àwọn obìnrin ilé. Wọ́n gbé omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wá, wọ́n mú ọṣẹ àti kànìnkànìn tuntun dání, ọ̀kan gbé lẹ́ẹ̀sì funfun tí Ìyá Kékeré máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdún àjíǹde. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe tí kò dára. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe fún ìyá mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe fún bàbá mi. Mo fa bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi dí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo sì jókòó lé e.

Ẹ̀gbọ́n dé. Ó wò mí, ó wo bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Olúdáre, ùwọ lo ní ká má wẹ Florence? Ulé baba rẹ̀ ló kú sí. Ṣé bí ajá la fẹ́ gbé e sínú ulẹ̀ ni?” Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, Tèmilọlá ti sọ ọ́, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó ní, “Tèmilọlá kọ́ ló bí Florence.” Mo kàn jókòó.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ṣèyí kúnlẹ̀. Obìnrin tó jù mí lọ, tó bá ìyá mi dáná, kúnlẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́. Ó ní, “Jẹ́ kí n fọ ojú rẹ̀ nìkan. Ojú rẹ̀ nìkan, àbúrò mi, màá sì jáde.” Tèmilọlá, mo fẹ́ dìde fún un. Ojú rẹ̀ nìkan, kí ni ìyẹn? Mo gbọ́ tí ìyá rẹ ń sunkún lẹ́yìn mi, mo sì mọ̀ pé òun náà fẹ́ kí n dìde. Ohùn rẹ ni mò ń gbọ́, èyí tó ń han bí ewúrẹ́ yẹn, tó ní kódà kó jẹ́ ìyá yín. Mo ní rárá. N kò tíì ṣe ohun tó nira tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, n kò sì gbàdúrà kí n tún ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àjàyí gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ nà mí. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà, ó fi fìlà bo ojú.

Àwọn onílera dé, wọ́n wọ aṣọ funfun tó bo gbogbo ara wọn títí dé ojú. Àwọn ọmọdé sá. Wọ́n fi Ìyá Kékeré sínú àpò, wọ́n fa síìpù rẹ̀ dé òkè, wọ́n gbé e lọ sin sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí a sin ìyá mi sí. Pásítọ̀ gbàdúrà láti abẹ́ igi ọsàn, ó jìnnà débi pé n kò gbọ́ tó ìdajì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá orin. Lẹ́ẹ̀sì funfun rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìyá Ṣèyí títí a fi parí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fín oògùn sára bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé, ó sì ti pàwọ̀ dà báyìí.

Ìròyìn tó kù nìyí. Èsì ẹ̀jẹ̀ ti jáde, Ọ̀gbẹ́ni Pius sì wá sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀ pé Lassa ni. Ó ń wá wo gbogbo wa lójoojúmọ́ títí ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa ṣọ́ ara wa fi pé. Àrùn náà kò mú ẹnikẹ́ni. Kò mú ìyá rẹ, kò mú mi, kò mú Ìyá Ṣèyí, kò mú ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó gbé omi wá lọ́jọ́ yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi nìkan ni mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n Àjàyí ní bí ó bá jẹ́ Lassa lóòótọ́, kí ló dé tí kò mú ẹlòmíràn? Gbogbo ẹbí ló ń wí bẹ́ẹ̀ báyìí. Wọ́n ní lásán ni mo fi ìwẹ̀ ìkẹyìn du àbúrò mi. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Torí pé wọn ò kú ni wọ́n ṣe ń sọ pé irọ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yín lẹ gbé àrùn náà wá. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń fi tiwọn pọn omi, gàrí sì ti padà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹbí ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Wọ́n ní bí o bá dé, o gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, kí o sọ pé o ṣìnà, pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé lo kó wá sílé. Bí o bá kọ̀, kí o má tẹ agbo-ilé mọ́. N kò bá wọn jiyàn níbẹ̀, torí ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wá sílé, ọmọ mi. Kúnlẹ̀ fún wọn dáadáa, bí a ṣe kọ́ ọ, kí o bá bàbá rẹ àgbà sunkún, torí ọ̀fọ̀ ṣẹ òun náà. Gba kànìnkànìn yẹn lọ́wọ́ Ìyá Ṣèyí, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ pé o ṣìnà. Bí o bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àrùn yìí bá tún padà wá.

Ọlọ́run tó dá wa sí yóò mú ọ délé láyọ̀. Ìrìn àjò rẹ kò ní mú ewu dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ yóò ní etí tó máa gbọ́ ọ, ìwọ náà yóò sì dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ tó gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́,
Olúdáre.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù: O máa béèrè pé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ fún un ńkọ́. N kò lè kọ ọ́ sókè níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ jáde láti sun ún, a rí i pé eku ti dé ibi gbogbo nínú yàrá náà. Wọ́n ti jẹ etí Bíbélì rẹ̀, wọ́n ti lu ìrọ̀rí. Àpò gàrí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lórí àpótí, ó dé pinpin, Ọ̀gbẹ́ni Pius sì ṣí i. Aṣọ òkè aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, tuntun ni, eyín eku kankan kò kàn án. Ìyá rẹ ní tìrẹ ni, pé Ìyá Kékeré sọ fún òun pé ọjọ́ tí o bá gboyè jáde lo máa wọ̀ ọ́, pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọmọ òun ti dára jù fún gàrí.