Owó Ìwádìí àti Ikọ́ Bàbá Ayọ̀

Odode, Ìdànrè. Ọjọ́rú, oṣù kẹsàn-án, 1981.

N ò mọ ohun tó ń ṣe mí gan-an.

Láti ìgbà tí ọ̀gá wa ní ilé ìwòsàn ti kéde pé àwa dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ máa gba owó tá a bá parí ìwádìí, ni mo ti ń lọ sí abúlé àwọn àgbẹ̀ kan, Atosin. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí kòkó ló ń fa ikọ́ wọn. Ohun tó dáa ni, àbí?

Lónìí, Bàbá Ayọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, wúkọ́ títí, ó wá bi mí pé, "Dókítà, ṣé kí n má fín in mọ́?"

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé tó bá dáwọ́ dúró, ìwádìí mi ò ní pé. Ó ń wò mí.

"Ẹ má fín in mọ́, Bàbá."

Ṣé owó ló sọ mí dà báyìí ni? Ṣùgbọ́n láìsí owó, ta ni ì bá tiẹ̀ bi í léèrè ikọ́?

Ó ní, "Mo rí i pé àánú mi ṣe yín. Olúwa á ṣàánú yín náà."

Mo ṣe àmín.