Bí A Ṣe Fi Ọṣẹ Fọ Ògiri Kíláàsì Àwòrán

Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ geere, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá yẹn kò ní jẹ́ kí o ṣìnà níbẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn ẹni rere, wọn ò ní fo orúkọ rẹ. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí bí òjò bá ṣú, àmọ́ ọwọ́ ò dùn mí, òun ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù sì máa ń já kí èèyàn tó sọ ọ́ débi tó dùn.

Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ ọmọ rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, kí àyà rẹ má já, ara rẹ̀ yá. O mọ bó ṣe rí nígbà tí o fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí a bá bi í ní nǹkan, ilẹ̀ ló máa wò. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò tiẹ̀ rò pé etí ọmọ náà di ni. Bó ṣe wà nìyẹn títí tíṣà àwòrán fi dé sí ilé-ìwé ìjọba wa yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, sòkòtò rẹ̀ kì í mọ́, ìgbà gbogbo ni èédú wà ní ìka rẹ̀, mo rò pé ó ń ta èédú lẹ́yìn iṣẹ́ ni, mo tiẹ̀ bi í pé eélòó ni àpò kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwòrán ni òun ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Wọn ò ní ọ̀dà, wọn ò ní búrọ́ṣì, èédú àti ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ni wọ́n fi ń ya nǹkan sára ògiri yàrá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bó bá ti dé láti ilé-ìwé, á jókòó tì mí, á máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ya ẹsẹ̀ adìyẹ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń sin adìyẹ, ọmọ ọdún méje ló wá sọ fún mi pé ìka ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú ju ti iwájú lọ. Mo lọ wò ó, òótọ́ ni.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ gba yàrá náà. Wọ́n ní àwọn àga tó ti kán pọ̀ jù, wọn ò ríbi kó wọn sí, àwòrán yíyà kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ gidi. Ìwọ gbọ́ nǹkan, àga tí kò lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fún ní yàrá, kí ọmọ tó lẹ́sẹ̀ bọ́ síta. Ọ̀gá kan máa wá lọ́jọ́ Ajé láti wò ó bóyá kíláàsì náà wúlò, ohun tó bá sì sọ ni abẹ gé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, torí bí yàrá yẹn bá lọ, ẹ̀rù ń bà mí pé ohùn ọmọ yìí máa bá a lọ.

Àwa òbí ò káwọ́ lẹ́rán. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ sínú fóònù, wọ́n sì fi mí ṣe ìyá ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ inú fóònù dára, kò sí gbígbé àga kiri. Mo máa ń wẹ̀, mo máa ń wọ aṣọ tó mọ́ kí n tó ṣí i, torí mi ò fẹ́ kí bíríkìlà àti mẹkáníìkì tó wà nínú ẹgbẹ́ bá mi nínú aṣọ ìdáná.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tíṣà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Télọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa bá mi tẹ̀ ẹ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Tíṣà ní ẹ káàárọ̀ mà. Èmi kì í ṣe aláìmọ̀wàáhù, mo ní káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí. Ó ní ọjọ́ Ajé ni àlejò ń bọ̀, kí a jọ̀ọ́ bá òun tún yàrá náà ṣe kó mọ́ tónítóní. Mo ní kò tọ́pẹ́, ìyá rẹ ńkọ́, ọmọbìnrin tí o ní o fẹ́ fẹ́ ńkọ́, Ọlọ́run á fìdí rẹ̀ múlẹ̀, o ò ní rí ìjà ọ̀gá, àlejò tó ń bọ̀ á bá ọ ní rere. Ọmọ tí mo mọ̀ sí ọmọlúàbí, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ já lu ọ̀rọ̀ mi, bí mo ṣe ń ṣàdúrà lòun náà ń sọ tiẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo fi máa ṣe àmín, ó ti dákẹ́. Mo ní ó dàbọ̀.

Mo kó àwọn òbí jọ, a gbéra. Bíríkìlà pọnmi, mẹkáníìkì mú ọṣẹ tó fi ń fọ epo kúrò lọ́wọ́ wá. Èmi rò ó pé ohun tí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó, ṣebí a máa ń nù ún kí àlejò tó dé. A fọ ògiri náà láti òkè délẹ̀, a fi kànrìnkànrìn ha á. Bó ṣe funfun tó, àwa fúnra wa ń yin ara wa.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo táàmù làwọn ọmọ fẹ́ fi han ọ̀gá, a ti fi omi ọṣẹ ṣàn án sí gọ́tà. Télọ̀ tún ohùn yẹn tẹ̀, la bá gbọ́ ọ tó ń sọ pé ilẹ̀ àti fèrèsé ni kí a fọ̀, kí a má fọwọ́ kan ògiri. Mo ní ó yẹ kó dúró kí n ṣe àmín tán. Télọ̀ ní fóònù yẹn ò gbọ́ mi. Mo ní èmi ò bá fóònù wí, tíṣà ni mo ń bá wí. Ìgbà yẹn ni mo rí Jẹ́jẹ́ tó ń wo ilẹ̀, ó sì dùn mí wọ egungun. Mo kúnlẹ̀ fún tíṣà pẹ̀lú orúnkún burúkú yìí. Òun náà dọ̀bálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní kí n jọ̀ọ́ dìde, ohun tí ọwọ́ yà, ọwọ́ á tún un yà, ọwọ́ púpọ̀ lòun ń fẹ́.

Ọmọ mi, ká ní o wà níbẹ̀. Akunlé kó ìṣẹ́kù ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá. Káfíńtà kan àkàbà. Onídìrí gé lára irun àtọwọ́dá tó fi ń dirí, ó so ó mọ́ igi tínínrín, ó di búrọ́ṣì. Àwọn ọmọ ló ṣe ọ̀gá lé wa lórí. Bíríkìlà tó máa ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kó tún imú ẹṣin yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni mà. Èmi ya ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n ní ó dára. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yìí ju bí mo ṣe fẹ́ràn wọn tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí iṣẹ́ ni ọ̀gá bá wa lọ́jọ́ Ajé. Ó rò pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ni wá, ó bi wá pé ta ló ń sanwó fún wa. Káfíńtà ní òbí ni wá, ó sì fi kún un pé àga tó bá kán, ọ̀dọ̀ káfíńtà ni wọ́n ń gbé e lọ, òun á tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kó fi yàrá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọ̀gá ń wo ògiri lọ, ó wá dúró níwájú ti Jẹ́jẹ́. Obìnrin kan tó jókòó ni ọmọ rẹ yà, ó ya bàtà rẹ̀, ó ya ọwọ́ méjèèjì lórí itan, kò ya ojú. Ọ̀gá bi í pé ta nìyẹn. Mo ti di ara mi mú, mo ní ilẹ̀ ló máa wò. Kò wo ilẹ̀. Ó wo ọ̀gá lójú, ó ní ìyá òun ni. Ọ̀gá ní ojú rẹ̀ ńkọ́. Ó ní tíṣà ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ya ohun tí wọn ò bá tíì wò dáadáa, òun ò sì rántí ojú náà mọ́, òun ń dúró kó wá jókòó kí òun wò ó.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún títí. Ó wá ní òun ò lè gba yàrá tí wọn ò tíì parí iṣẹ́ inú rẹ̀, ó bọ tíṣà lọ́wọ́, ó lọ.

Mo fi fọ́tò rẹ tó wà nínú fóònù han ọmọ náà, mo ní kó wo èyí yà. Ó ní ìyẹn ò wo òun.

Ọ̀dà pupa ti tán, iyọ̀ ti tán nílé, mo sì fẹ́ ra oògùn orúnkún, nítorí náà mi ò ní kí o má fowó ránṣẹ́ o. Àmọ́ owó ti oṣù yìí, má fi sí bánkì. Fi wọkọ̀. Ọdún kẹta rèé tí o ti lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, wàá bá wa láyọ̀. Gbé ojú rẹ wá fún ọmọ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.